Ìgbín Òkun àti Ìwé Òṣù Mi

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tó dá ohun tó léegun àti èyí tí kò léegun, tó fún ìgbín inú igbó ní ilé rù kiri, tó sì fi ti inú òkun sílẹ̀ ní ìhòòhò láìjẹ́ kí ebi pa á. Mo dúpẹ́ fún ojú tí mo fi rí i. Mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó gbé mi débẹ̀ ní ọjọ́ orí mi yìí. Mo sì dúpẹ́ fún bàbá mi tó kọ́ mi ní ohun tí mo lò níbẹ̀, tí kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òkun ni yóò ti wúlò. Kí Ọlọ́run fi àánú bo ibojì rẹ̀.

Minna ni wọ́n bí mi sí. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Sabon Gari, òun náà sì ni mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa gbé ìtọ́jú ọjọ́ oṣù lé lọ́wọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, á jáde sí gbangba, á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, á máa wá òṣù tuntun títí ọrùn á fi máa dùn ún. Bó bá rí i, oṣù mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá rí i, á ka ọgbọ̀n pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan ló ń jáde. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń wo òkè, tó sì ń kọ ọjọ́ òṣù sínú ìwé kan, pẹ̀lú ohun kékeré kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: òjò rọ̀, ewúrẹ́ bí, àlejò dé láti Ìlọrin. Ó máa ń wí pé ẹni tó ń wá òṣù lẹ́ẹ̀kan lóṣù dà bí ọmọ tó ń kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún nìkan.

Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gba ilé, èmi gba ìwé. Nígbà tí ìwé rẹ̀ kún, mo ra òmíràn. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní kéwú lópin ọ̀sẹ̀ ní Barkin Sale, níbi tí a kọ́lé sí. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, mo máa dúró lẹ́nu géètì, mo máa wo òkè, mo máa wọlé lọ kọ ìlà kan. Ọkọ mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, sọ mí ní Dáírẹ́kítọ̀ Òṣùpá.

"Dáírẹ́kítọ̀, ṣé òṣùpá ti dé ẹnu iṣẹ́ lónìí?"

"Ó ti dé. Ó máa ń tètè dé jù yín lọ."

Àbíkẹ́yìn wa, obìnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ òkun wọ ilé wa. Omi tó tóbi jù tó mọ̀ ní kékeré ni odò Chanchaga. Bí a bá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́hùn-ún, á sọ̀kalẹ̀ sétí odò, á máa ṣa ìṣáwùrú lára òkúta sínú agolo mílíìkì. Bí mo bá bá a wí, á ní, "Haba, Màmá! Wọn ò kúkú gé ni jẹ." Nígbà tó di pé kó wọ yunifásítì, ó ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun lòun fẹ́, ní Èkó. Ọkọ mi wò ó títí. "Láti Minna? Níbi tí a ti ń ra ẹja ní gbígbẹ?" Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lọ.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun wà ní abúlé apẹja kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti kó àpáta jọ kí ìgbì má bàa wó ilé àwọn èèyàn. Ó ní láàárín àwọn òkúta náà, nínú omi tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, òun rí ìgbín òkun, àwọn tí kò ní ìkarahun, wọ́n pé jọ bí èrò Yídì lọ́jọ́ ọdún. Ó ní láti ọdún dé ọdún, olúkúlùkù wọn máa ń dá gbé nínú ibú. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń jáde wá sí ibi tí omi kò jìn, tí wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n á gùn, tí wọ́n á yé, tí wọ́n á sì kú.

"Ṣé wọ́n ṣe é jẹ?" ni mo bi í.

"Màmá!"

Mo gbádùn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò méjì wà lẹ́nu géètì nígbà náà, wọ́n ń bi mí bóyá a ti rí òṣù tuntun. Mo dá wọn lóhùn tán, mo wọlé, mo kọ ìlà mi: *Àbíkẹ́yìn pè. Ó rí ìgbín òkun. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje.*

Nítorí ohun tó rí yìí, olùkọ́ rẹ̀ gbà pé kó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan há a lọ́rùn. Ó ní ohun tí èèyàn rí lẹ́ẹ̀kan, àlá lásán ni. Kó tún padà rí wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kó kà wọ́n, kó wọn ẹyin wọn, kó sì kó ìwé wọlé kí àsìkò tó pé. Bí kò bá rí wọn, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí oúnjẹ ẹja àrọ̀ inú kòtò, yóò sì fi odindi ọdún kan kún ìyẹn tó ti lò. Bàbá rẹ̀ sì ń fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ tún dé. Ọkọ mi ní ọmọbìnrin kan kò gbọdọ̀ lọ sùn létí òkun láìsí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo di ẹrù, mo sì fi ìwé òṣù sílẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí kí omi má bàa bà á jẹ́. Bébà kan ni mo ń kọ ọjọ́ sí lọ́nà. Èmi àti ọmọ mi sùn ní Ìlọrin, a sì dé Èkó lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mi ti ṣírò rẹ̀ dáadáa: ọjọ́ tó rí wọn lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kan náà nínú kàlẹ́ńdà ni wọn yóò dé lọ́dún yìí. A tilẹ̀ fi ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀.

Bí mo ṣe rí òkun, mo jókòó. N ò mọ̀ pé mo ti jókòó àfi ìgbà tí iyanrìn wọ inú bàtà mi. "Subhanallah," ni mo ń wí ṣáá. Bàbá apẹja kan tó ti mọ ọmọ mi láti ọdún tó kọjá ń bọ̀ wá bá wa, àwọ̀n ní èjìká.

"Ìyá Ìgbín, o tún dé!" ló kí i. Ó wo híjáàbù wa. "Ẹ̀yin Gàmbàrí, ẹ káàbọ̀ o."

"Yorùbá ni wá, Bàbá," ni mo wí. "Ọmọ Ìlọrin."

"Níbo lẹ ti ń bọ̀ nísinsìnyí?"

"Minna."

"Ṣé òkun wà ní Minna?"

"Kò sí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gàmbàrí náà ni yín."

Ìyàwó rẹ̀ ya iyàrá kan fún wa, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Lójoojúmọ́, nígbà tí omi bá ń fà, ọmọ mi á gbé okùn, rúlà àti ìwé, á lọ sórí àpáta. Èmi á tẹ̀lé e, màá gbé sílípáàsì mi dání. Omi ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òkúta ìsàlẹ̀ kò yọ síta. Ó ń dé itan ọmọ mi níbi tó ní òun dúró sí ní gbígbẹ lọ́dún tó kọjá. Ó ń tẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀, omi ń ru sókè lójú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó dúró nínú omi títí ètè rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti wá lọ ni?" ó kígbe sí apẹja náà.

"Bí wọ́n bá wá, o ó rí wọn," ni ìyẹn fi dáhùn láti ibi tó ti ń dí ihò ara àwọ̀n rẹ̀.

Ọmọ mi jáde nínú omi, ó jókòó tì mí. Kò sunkún, ọ̀nà tó gbà ń fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀, tó ń fún un léraléra nígbà tí kò sí omi mọ́ nínú rẹ̀, ló sọ fún mi pé ó ti gbà pé ó ti parí. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó fi kó ìwé wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Màmá. Ẹja àrọ̀ náà ò burú."

Àkókò Màgàríbì ti tó. Mo kírun lórí iyanrìn, mo sì gbé ojú sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Òṣùpá ti wà lágbedeméjì ọ̀run, ó ti ju ààbọ̀ lọ díẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá. Mo mú bébà mi pé kí n kọ ọ́, ọwọ́ mi sì dúró.

Ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ yìí pè mí lọ́dún tó kọjá, kò sí òṣùpá lójú ọ̀run. Àwọn aládùúgbò wà lẹ́nu géètì mi, wọ́n ń bèèrè òṣù tuntun. Báwo ni ọjọ́ yẹn àti òní ṣe wá jẹ́ ọjọ́ kan náà?

Mo pe Minna.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi wo abẹ́ ìrọ̀rí mi. Ìwé aláwọ̀ ewé."

"Mo ti rí i. Ẹ̀hẹn. Kéwú ló kún inú rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ka ti ọdún tó kọjá fún mi."

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ewé ìwé náà síwá sẹ́yìn. Mo ti gbàgbé pé kò lè kà á. Ọkọ mi fi ilé kéwú sílẹ̀ ní kékeré nítorí bọ́ọ̀lù, ó sì ti ń kábàámọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà láìsọ ọ́ síta.

"Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́," ni mo wí.

Fọ́tò dé, ó dorí kodò.

"Ẹ ti dorí rẹ̀ kodò!"

"Èmi kọ́. Ìwé yín ló dorí kodò, ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀!"

Ọmọ mi, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ mẹ́ta, bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ya òmíràn, ó tún ya òmíràn, títí ojú ewé tí mo ń wá fi dé. Mo rí ìkọ̀wé ara mi níbẹ̀: *ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Àbíkẹ́yìn pè. Ó rí ìgbín òkun.*

Mo dìde, mo lọ bá bàbá apẹja nídìí àwọ̀n rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Omi yìí, ṣé bákan náà ló ń fà lójoojúmọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá iná ń jó ni. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Bí òṣù bá kú, tàbí tó bá kún, omi á sá lọ síbi òkúta dúdú tí ẹ ń wò lọ́hùn-ún yẹn. Láàárín méjèèjì, ó kàn ń ṣe ọ̀lẹ ni."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi mí ní ti omi. Ti ìgbín lẹ bi mí."

Ọmọ mi ti gbọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. "Wallahi, Màmá, mo mọ̀ ọ́n! Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò. Mo gba máàkì lórí rẹ̀!" Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kàlẹ́ńdà ló wà lọ́kàn rẹ̀, torí kàlẹ́ńdà la fi ń san owó ilé ìwé, òun la fi ń lọ ibi iṣẹ́, òun ló wà lára ògiri wa ní Minna. Ó ti gbé ọjọ́ àwọn òyìnbó fún ohun tí kò mọ̀ ju òṣù lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìgbín òkun náà ti pé jọ lábẹ́ omi láti ọjọ́ tí a dé, kí wọ́n máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí wọn.

Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, omi yóò ṣí. N kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Mo sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún lèmọ́mù, láìgbé ohùn sókè. Ohun kan péré ló ń dùn mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run Minna, n kò rí òṣù, mo sì ka ọgbọ̀n pé. Rédíò ní wọ́n ti rí i níbòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ kan lè wà láàárín èmi àti rédíò. Nítorí náà mo ní a ó lọ lọ́jọ́ kẹrìnlá, a ó sì tún lọ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi pé a ó fi ọjọ́ márùn-ún kún un, ó ní, "Ta ni yóò máa bọ́ mi?"

"Ọlọ́run tó ń bọ́ ìgbín òkun."

"Áàmín. Ṣùgbọ́n ìgbín òkun kì í jẹ tùwó."

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, omi fà jù bó ṣe ń ṣe lọ. Orí òkúta ìsàlẹ̀ yọ, ewé òkun tútù tó wà lára wọn ń dán. Ọmọ mi rí mẹ́ta. Mẹ́ta péré, lábẹ́ àpáta kan. Inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ sì tún fà ro lẹ́sẹ̀ kan náà, torí mẹ́ta kì í ṣe àpéjọ. "Rédíò ló jẹ̀bi," ni mo wí fún un. "Ọ̀la ni ọjọ́ wa."

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Mo wọ híjáàbù funfun mi, mo mú tẹ̀sùbáà, a jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tán. Òkun ti kúrò nílẹ̀. Ibi tó ti ń lu itan ọmọ mi ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ilẹ̀ ni, pẹ̀lú adágún kéékèèké láàárín òkúta. Nínú adágún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ wò, mo rò pé òkúta ló kún ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wọ́n tóbi tó ìkúùkù mi, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọ̀ ewé tó ń lọ sí pupa, pẹ̀lú òrùka dúdú dúdú lára, àti ìwo méjì lórí tó dà bí etí ehoro. Ara wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí èèyàn kò fi mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Lára òkúta ẹ̀gbẹ́ wọn ni ẹyin wọn wà, okùn gígùn tí a lọ́ pọ̀ mọ́ra, aláwọ̀ òféfèé. Ó dà bí tálíà, ìyẹn sìpàgẹ́tì, tí ọmọdé dà nù.

"Màmá, ẹ bá mi ka ti apá yìí!" Ọmọ mi ti na okùn rẹ̀ sí apá kejì, ó ń kọ̀wé, ó ń wọn ẹyin, ó ń sọ Hausa sí ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn. Mo fi tẹ̀sùbáà kà wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ kan fún ìgbín kan. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ti ń ka ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fi ọwọ́ gbá ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀ọ́mọ̀, ó sì tú aró kan jáde, elésè àlùkò, ó gba gbogbo adágún náà, ó sì gba etí híjáàbù mi.

Bàbá apẹja ń wò wá láti orí àpáta. "Ìyá Oníkéwú! Wọ́n ti fún yín ní aṣọ tuntun!"

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá."

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, ọmọ mi kò fẹ́ kúrò. Mo ní láti fa ọwọ́ rẹ̀. Omi wọ adágún kan, ó wọ èkejì, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. A kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan lójú títì, pẹ̀lú aró lára mi.

Ó kó ìwé rẹ̀ wọlé kí àsìkò tó pé. Olùkọ́ rẹ̀ bi í pé báwo ló ṣe mọ ọjọ́, ó sì sọ òótọ́ fún un, pé ìwé òṣù ìyá òun ní Minna ni. Wọ́n gba iṣẹ́ náà. Ó wálé lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú ìwé tuntun méjì, aláwọ̀ ewé bíi tèmi. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ó gbé èkejì fún bàbá rẹ̀.

Híjáàbù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Ní báyìí, bí mo bá jáde lẹ́yìn Màgàríbì, mo máa ń bá ọkọ mi lẹ́nu géètì, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń wo òkè, ó ń bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ méje àti mẹ́jọ ní kéwú torí bí a bá dorí ọ̀kan kodò, èkejì ló máa dà. Mo máa ń kọ ọ́ fún un sí àtẹ́lẹwọ́.

Ìwọ tí o ka èyí dé ìsàlẹ̀, kí Ọlọ́run fi ọ́ sí ọjọ́ tí omi rẹ yóò fà. Kí ó má jẹ́ kí o padà sílé nígbà tó ku ọ̀la kí ohun tí ò ń wá yọ síta. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò fi ìmọ̀ rere sílẹ̀ fún ọ, kí ìwọ náà sì rí ẹni tí wàá fi í sílẹ̀ fún. Áàmín.